Ojú 24 láìsí ọpọlọ: kí ni jẹ́lífíìṣì onígun mẹ́rin ń fi wọ́n ṣe?

Tíṣà Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko tí kò ní eegun ẹ̀yìn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní sáà yìí, ìwé tí a sì ń lò kò sọ ju ìlà méjì lọ nípa jẹ́lífíìṣì: pé ó rọ̀, pé omi ló pọ̀ jù nínú ara rẹ̀, pé ibi tí ìgbì bá gbé e lọ ló ń lọ. Nígbà tí mo wá kà síwájú sí i fúnra mi, mo rí i pé oríṣi kan wà tí ara rẹ̀ ní igun mẹ́rin, tí ó ní ojú 24, tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tó bá wù ú, tí oró rẹ̀ sì lè pa àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi kan náà ni mo ti kà á pé kò ní ọpọlọ.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú kì í dá ríran. Ọpọlọ ló ń sọ fún wa pé igi ni ohun tí ojú gbà wọlé, tàbí pé ènìyàn ni. Bí ẹranko kan kò bá ní ọpọlọ, kí ló ń fi ojú 24 ṣe, ta sì ni àwọn ojú náà ń jíṣẹ́ fún? Ìbéèrè mi kejì ni pé, kí ni ẹranko tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò lè jẹ ènìyàn, ń fi oró tó lè pa ènìyàn ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àwọn ọmọ yẹn kò ní gbà.

Àkànní Olómi

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ wà nínú bí ojú yẹn ṣe rí gan-an, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní díẹ̀.

Ara ẹranko yìí ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lókè díẹ̀ sí etí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, ihò kékeré kan wà, inú ihò yìí sì ni kókó kan so rọ̀ sí lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú 6 ló wà lára kókó kọ̀ọ̀kan, bí gbogbo rẹ̀ ṣe di 24 nìyẹn. Àmọ́ àwọn mẹ́fà yìí kò dọ́gba. Mẹ́rin nínú wọn kò ju kòtò tàbí ìlà tín-ín-rín lọ, tí ó kàn lè mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Méjì tó kù ni ojú gidi, tó ní lẹ́ńsì, tó sì ní awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ọ̀kan ń wo òkè, èkejì ń wo ìsàlẹ̀. Ní ìdí kókó náà, òkúta kékeré kan wà tí ara ẹranko náà fúnra rẹ̀ ṣe, tó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Òkúta yìí ni kì í jẹ́ kí kókó náà dojú dé: ì báà jẹ́ pé ẹranko náà ń fi orí sọlẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ọ̀pá náà á tẹ̀, kókó á rọ̀ sísàlẹ̀ padà, ojú tó ń wo òkè á sì máa wo òkè lọ.

Kí ló ń wò lókè? Ẹ jẹ́ kí a mú oríṣi tí àwọn onímọ̀ ti yẹ ojú rẹ̀ wò jù, èyí tí wọ́n ń pè ní Tripedalia cystophora, tó ń gbé ní etíkun àwọn erékùṣù Karibíánì bíi Puerto Rico. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Àárín gbòǹgbò igi mángrófù, àwọn igi tó ń hù nínú omi iyọ̀ ní etí ọ̀sà, ló ń gbé, nítorí pé níbi tí ìtànṣán oòrùn bá ti gba àárín ewé wọ inú omi ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń jẹ máa ń kóra jọ sí. Bí omi bá gbé e jìnnà sí abẹ́ igi, ebi ni yóò pa á. Ní 2011, Anders Garm, Dan-Eric Nilsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ojú tó ń wo òkè yẹn ń ríran gba ojú omi kọjá, tó fi ń rí orí àwọn igi tó wà lókè omi, ibi tí ó bá sì ti rí i pé ó ṣú ni ó ń forí lé. Títí dé nǹkan bíi mítà 8 sí etí igi, ó ṣì mọ ibi tí yóò gbà padà sílé.

Ibi tó wù mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tó kàn. Ní 2005, Nilsson àti àwọn mìíràn wọn lẹ́ńsì ojú náà, wọ́n sì rí i pé ó dára gan-an, pé ó lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan láìdàrú. Àmọ́ ibi tí ó ń kó o jọ sí kò bọ́ sórí awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yìn awọ náà ló bọ́ sí. Ìyẹn ni pé bàìbàì ni ẹranko náà ń ríran. Ẹlòmíràn lè pè é ní àléébù, àmọ́ èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú bàìbàì ń ṣe ni pé ó ń pa ohun kéékèèké rẹ́, bí ìdọ̀tí tó ń léfòó àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń kọjá lọ, tí ó fi jẹ́ pé ohun ńlá tó dúró sójú kan, bíi gbòǹgbò igi, nìkan ló ń kù. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ìbá ṣe, láti ya ohun tó ṣe pàtàkì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò wúlò, ojú fúnra rẹ̀ ti ṣe é tán kí ìròyìn tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń béèrè bóyá igi wà lókè, òmíràn ń béèrè bóyá nǹkan wà nítòsí tí a lè forí sọ, àwọn tó kù ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ tàbí tó ń dín kù. Ẹranko tí ojú rẹ̀ kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ kò nílò ọpọlọ ńlá láti gbọ́ ìdáhùn.

Ní ti ẹni tí wọ́n ń jíṣẹ́ fún: nǹkan bí 1,000 sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ló wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan, okùn iṣan kan tó yí ara ẹranko náà ká sì so kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Láti inú àwọn kókó wọ̀nyí ni àṣẹ ti ń jáde tó ń mú kí ara náà súnkì, kí ó sì ti omi jáde nísàlẹ̀. Awọ pẹlẹbẹ kan tún wà ní ẹnu ìsàlẹ̀ yẹn tó mú kí ọ̀nà tóóró, kí omi lè jáde pẹ̀lú agbára. Bí apá kan awọ náà bá fún ju apá kejì lọ, ẹranko náà á yí síbi tó fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tètè yé àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn pé ó ní ẹ̀ka iléeṣẹ́ mẹ́rin tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò kàn ní olú iléeṣẹ́ ni.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka àlàyé yìí sí àwọn ọmọ létí, ọ̀kan nínú wọn sì ti dìde pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀: ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹranko náà kò lè kọ́ ohunkóhun, pé bí wọ́n ṣe bí i ni yóò ṣe kú, nítorí pé ohun tí kò ní ọpọlọ kò lè rántí. Mo fẹ́ gbà fún un, àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Àkànní Olómi

Ó dára tí ẹ kò tíì gbà fún un. Ní 2023, Jan Bielecki àti Anders Garm pẹ̀lú àwọn mìíràn gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, Tripedalia náà ni wọ́n sì lò. Wọ́n fi àwọn ẹranko náà sínú ọpọ́n rìbìtì kan tí wọ́n ya ìlà funfun àti ìlà eérú sí ara ògiri rẹ̀. Nínú omi tí kò mọ́, gbòǹgbò tó bá ti jìnnà kì í dúdú, àwọ̀ eérú ló máa ń ní. Nítorí náà, lójú ẹranko náà, àwọn ìlà eérú yẹn dà bí gbòǹgbò tó ṣì jìnnà, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára ògiri tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣe ló kàn ń lọ forí sọ ògiri léraléra. Àmọ́ kí ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ tó pé, ó ti ń jìnnà sí ògiri tó nǹkan bí ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iye ìgbà tó ń forí sọ ọ́ ti dín kù sí ìdajì, ó sì ń tètè yí padà lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó dé ibẹ̀.

Ọmọ yín lè sọ pé bóyá ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ náà ti ronú síbẹ̀. Wọ́n yọ kókó olójú kan ṣoṣo kúrò lára ẹranko náà, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ń fi ìlà eérú hàn án. Lákọ̀ọ́kọ́, kò dá a lóhùn, bí ẹni pé ohun tó jìnnà ni. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná kékeré ta á lásìkò kan náà tí ìlà bá hàn, èyí tó dúró fún forí-sọ-ògiri, kókó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ránṣẹ́, irú èyí tó ń mú kí ara yí padà. Ó túmọ̀ sí pé inú kókó yẹn ni ẹ̀kọ́ náà ń ṣẹlẹ̀, láàárín nǹkan bí 1,000 sẹ́ẹ̀lì. Èmi rò pé kíláàsì yín yóò gbádùn èyí ju gbogbo ọ̀rọ̀ oró lọ.

Nọ́ọ̀sì Abíọ́nà

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ kò kúkú jẹ́ kí oró rí ojú rere. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti kàn án, nítorí pé apá àríwá Queensland ní Ọsirélíà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, níbi tí Chironex fleckeri ń gbé, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo wọn. Ara rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, okùn tó fi ń ta lè tó 60, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní igun kọ̀ọ̀kan, okùn kan sì lè gùn tó mítà 3. Ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹni tó wà nínú omi kì í sábà rí i kí okùn rẹ̀ tó kan ara.

Fún ìgbà pípẹ́, ènìyàn ń kú ní etíkun yẹn láìjẹ́ pé a mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọdékùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan kú ní Cardwell lẹ́yìn tí nǹkan ta á nínú omi. Dókítà kan ní Cairns, Hugo Flecker, ní kí àwọn ọlọ́pàá fi àwọ̀n gbá omi ibẹ̀, nínú ohun tí wọ́n sì rí kó ni jẹ́lífíìṣì onígun mẹ́rin kan wà tí kò tíì ní orúkọ nínú ìwé. Ó fi ránṣẹ́ sí Ronald Southcott ní Adelaide, òun ló sì kọ nípa rẹ̀ ní 1956, tó fi orúkọ Flecker sọ ọ́.

Bí oró náà ṣe ń wọlé ni pé àìmọye àpò tín-ín-tìn-tín ló wà lára okùn kọ̀ọ̀kan, nínú àpò kọ̀ọ̀kan sì ni fọ́nrán oníhò kan tí ó ká jọ wà, tó ń dúró de ẹni tí yóò fara kàn án. Nínú Hydra, ìbátan jẹ́lífíìṣì tó ń gbé nínú omi tí kò níyọ̀, àwọn onímọ̀ wọn bí irú àpò yìí ṣe ń yára tó ní 2006: fọ́nrán náà ń bẹ́ jáde láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpò náà kò nílò àṣẹ láti ibì kankan kí ó tó ta ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí okùn tó já, tàbí ẹranko tó ti kú sórí iyanrìn, fi ṣì lè ta ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Ohun tí oró Chironex ń ṣe ni pé ó ń lu awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ní ihò. Bí ó bá lu sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní ihò, pọtásíọ̀mù inú wọn á tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì tún ń ba iṣan ọkàn fúnra rẹ̀ jà. Bí okùn tó kan ara bá pọ̀, ọkàn lè dúró láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 5. Ojú ibi tí ó ta máa ń hàn kedere: ilà pupa gbọọrọgbọọrọ tó lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ tàbí àyà, tó ní àmì kéékèèké níbùú bí ẹsẹ̀ àkàbà.

Tíṣà, ẹ béèrè pé kí ló ń fi gbogbo èyí ṣe. Ẹja ló ń fi pa. Àgbákò lásán ni tiwa. Ẹ wo ẹranko tí ara rẹ̀ kò le ju ògì dídì lọ, tó mú ẹja tó ń jà fitafita mọ́ra. Bí ẹja náà bá lo ìṣẹ́jú kan péré láàyè, yóò fà á ya. Nítorí náà, oró rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa ẹja lójú ẹsẹ̀, ọkàn ẹja àti ọkàn ènìyàn kò sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú oró yẹn. Ẹ̀rí kan tó gbè é lẹ́yìn ni pé nígbà tí Chironex bá ṣì kéré, edé ló sábà máa ń jẹ. Bí ó ṣe ń dàgbà ni ó ń yí sí ẹja, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìdíwọ̀n oríṣi àpò oró tó wà lára okùn rẹ̀ ń yí padà.

Ní etíkun tiwa, ẹ máa rí òpó tí wọ́n gbé ìgò fínígà sí fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀. Fínígà kì í pa oró tó ti wọlé, kì í sì í dín ìrora kù; ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àwọn àpò tí kò tíì bẹ́ lára okùn tó lẹ̀ mọ́ ara tún bẹ́. Ẹ má fi iyanrìn ra á, ẹ má da omi tí kò níyọ̀ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ̀ sí i, ohunkóhun tí ẹ bá ti gbọ́. Bí ọkàn bá dúró, àyà ni kí ẹ máa tẹ̀ láìdáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ̀rọ̀ oró kan ti wà láti 1970, ara àgùntàn ni wọ́n ti ń rí i. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sydney tún rí i pé oró náà nílò kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, kí ó tó lè ṣiṣẹ́, àti pé oògùn tó ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀ dáàbò bo eku tí wọ́n bá tètè fún un.

Irukandji náà wà, oríṣi mìíràn tí òun náà jẹ́ onígun mẹ́rin àmọ́ tí ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni nígbà tó bá ń ta. Nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro, èébì, òógùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìbẹ̀rù kan tó ń mú kí aláìsàn gbà pé ikú ti dé. Ní 1961, dókítà Jack Barnes mú un, ó sì jẹ́ kí ó ta òun fúnra rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, àti òṣìṣẹ́ adóòlà ẹ̀mí kan, kí ó lè fi hàn pé òun ló ń fa àìsàn náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ilé ìwòsàn. Èmi kì bá tí gba irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láàyè lórí ọmọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ òun ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Ìlàjẹ ni mí, inú omi ni wọ́n bí mi sí. Nǹkan kan wà tí ìgbì máa ń gbé wá sórí iyanrìn lọ́dọ̀ wa, tó ní àpò afẹ́fẹ́ aláwọ̀ aró lókè, tí okùn rẹ̀ gùn, tó sì máa ń ta àwọn apẹja tó bá ń fa àwọ̀n. Ṣé òun náà nìyí?

Àkànní Olómi

Rárá o, àbúrò. Physalia nìyẹn. Ìbátan wọn ló jẹ́, àmọ́ kì í ṣe ẹranko kan ṣoṣo, àkójọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tó lẹ̀ mọ́ra ni. Kò ní ojú, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Atẹ́gùn tó fẹ́ lu àpò rẹ̀ ló ń gbé e kiri, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dé lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onígun mẹ́rin náà wà ní òkun apá ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Ernst Haeckel, onímọ̀ ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe èyí tó pè ní Chirodropus gorilla ní 1880. Yàtọ̀ sí Physalia, kò ní àpò afẹ́fẹ́, kì í sì í léfòó sójú omi.

Nọ́ọ̀sì Abíọ́nà

Kí n fi kún un pé ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Fún Physalia, níbi tí mo wà, a kì í lo fínígà. Omi òkun la fi ń ṣan okùn rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà a ó ki ibi tí ó ta bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun o. Ìbéèrè ìkẹyìn láti ọ̀dọ̀ tèmi: mo kà á pé láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Karùn-ún ni Chironex ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu ní Queensland. Ibo ló ń lọ nínú àwọn oṣù tó kù?

Àkànní Olómi

Kì í lọ síbì kankan. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń kú, àwọn ọmọ wọn ni kò tíì dà bí jẹ́lífíìṣì. Nígbà tí ẹyin bá yé, ọmọ rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ ohun líle, á di pólípù, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó ní ẹnu àti okùn lórí. Ní àwọn ọdún 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hartwick rí ti Chironex lábẹ́ òkúta níbi tí odò ti ń pàdé òkun. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ni wọ́n ń yí padà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí padà tún yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn jẹ́lífíìṣì tí gbogbo ayé mọ̀, pólípù á gé ara rẹ̀ sí ìpele ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan á di jẹ́lífíìṣì kékeré, pólípù náà á sì ṣì wà níbẹ̀ tí yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dọ̀ ti onígun mẹ́rin, odindi pólípù kan ló ń di jẹ́lífíìṣì kan: àwọn okùn rẹ̀ àtijọ́ á fà wọlé, kókó olójú mẹ́rin á hù, yóò sì já kúrò lórí òkúta, yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ. Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, pólípù lè hu ọmọ lára, kí ọmọ náà sì rìn lọ lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, tí ó fi jẹ́ pé ẹyin kan ṣoṣo lè di ọ̀pọ̀ jẹ́lífíìṣì kí ìgbà wọn tó dé.